Mo ní kí wọ́n má fún àwọn oníbọn lómi mọ́, ọkọ̀ wa ò kọjá fún ọjọ́ méjì: ṣé èmi ni mo jẹ̀bi?

Omi_Ò_Lọ́tàá:
Ẹ kú iṣẹ́ o gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á. Oṣù kẹjọ mi rèé lẹ́nu iṣẹ́ ìrànwọ́ lókè òkun, ìgbà àkọ́kọ́ tí màá jáde nìyí, iṣẹ́ omi ni mò ń ṣe ní kámpù kan tí àwọn tí ogun lé kúrò nílé ń gbé. Mi ò ní dárúkọ orílẹ̀-èdè náà, mi ò sì ní dárúkọ àwọn tó gbà mí síṣẹ́, ẹ má bi mí. Kò sí kànga tó dáa nínú kámpù, ọkọ̀ agbomi ló ń gbé omi wá láràárọ̀. Ọkọ̀ mẹ́fà ni tẹ́lẹ̀, ìgbà tí Amẹ́ríkà dáwọ́ owó ìrànwọ́ dúró ní 2025 ló di mẹ́rin. Ìwé ìlànà Sphere tí gbogbo wa ń lò ní lítà 15 lóòjọ́ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ká tó dé 8 tàbí 9, a ti làágùn.

Ṣẹ́kìpọ́ìntì kan wà lójú ọ̀nà, àwọn ọmọkùnrin tó gbébọn ló wà níbẹ̀. Oṣù tó kọjá ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé dúrọ́ọ̀mù omi méjì ni àwọn dírẹ́bà wa máa ń já fún wọn lójoojúmọ́ kí wọ́n tó lè kọjá. Kò sí nínú rípọ́ọ̀tì kankan. Ọ̀gá mi mọ̀, àwọn dírẹ́bà mọ̀, ẹni tó ń se oúnjẹ fún wa mọ̀, èmi nìkan ni mi ò mọ̀. Inú bí mi gan-an. A fọwọ́ síwèé pé a ò ní gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni tó ń jagun, pé ohun ìrànwọ́ ò gbọdọ̀ dọ́wọ́ oníbọn, torí ìwé yẹn gan-an ni mo ṣe fẹ́ràn iṣẹ́ yìí láti ilé ẹ̀kọ́. Mo ní kí wọ́n dáwọ́ ẹ̀ dúró. Nígbà tílẹ̀ mọ́ wọ́n dá ọkọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà. Ọjọ́ kejì, bákan náà. Àwọn èèyàn bá gba odò lọ. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta àwọn ọmọ tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru ti kún ilé ìtọ́jú wa, ọ̀kan wà níbẹ̀ tí ojú ẹ̀ ti wọnú, ó yè o, mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n ojú yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Ọ̀gá mi pe àwọn oníbọn yẹn lórí fóònù, dúrọ́ọ̀mù padà, ọkọ̀ kọjá. Ó wá dúró níwájú gbogbo èèyàn, ó ní, "Ìwé lo kà, ayé la ń bá ṣe níbí."

Mi ò rí oorun sùn látìgbà yẹn. Ṣé èmi ni mo ṣàṣìṣe? Tó bá jẹ́ èmi, kí ni wọ́n wá kọ àwọn ìlànà yẹn fún?

Ẹ̀gbọ́n_Lójísítíìkì:
Àbúrò, pẹ̀lẹ́. Mo ti lo ọdún 17 lẹ́nu kí n máa kó ẹrù gba ibi tí wọn ò fẹ́ kó gbà, jẹ́ kí n sọ tèmi.

Kò sí ogun kan tí ìrànwọ́ ń wọ̀ tí kì í gba ọwọ́ ẹni tó gbébọn kọjá. Gbé Biafra yẹ̀ wò, 1967 sí 1970. Uli ni ọkọ̀ òfúrufú ń bà sí, ọ̀nà mọ́tò ni wọ́n fẹ̀ tí wọ́n sọ ọ́ di pápákọ̀, òru ni wọ́n ń bà, wọn ò ní tan iná títí ọkọ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀. Pápá kan náà ni ìbọn ń gbà wọlé. Àwọn ìjọ àtàwọn Red Cross ń kó wàrà àti ẹja gbígbẹ wọlé fún ọmọ tíkùn ẹ̀ ti wú, ọkọ̀ ẹlòmíì ń kó ọta ìbọn tẹ̀ lé wọn nínú òkùnkùn kan náà. Títí dòní àwọn kan ń sọ pé oúnjẹ yẹn ló jẹ́ kí ogun pẹ́. Ó lè jẹ́ òótọ́. Kí wọ́n má wá gbé e wá ni?

Ohun tó dùn mí nínú ọ̀rọ̀ tìẹ kì í ṣe dúrọ́ọ̀mù méjì. Pé dírẹ́bà ni wọ́n fi sílẹ̀ kó dá bá oníbọn sọ̀rọ̀, òun nìkan nínú ọkọ̀, láìsí ìwé, láìsí ọ̀gá lẹ́yìn ẹ̀, tí gbogbo yín nínú ọ́fíìsì wá ń ṣe bí ẹni tí ò rí i. Ọ̀gá ẹ ń pe ìyẹn ní ayé. Èmi ń pè é ní ọ̀lẹ.

Dókítà_Arìnrìnàjò:
Ẹ̀gbọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún yín o, ṣùgbọ́n irú ọ̀rọ̀ báyìí ni wọ́n fi ń kó wa wọ ọ̀fìn. Àbúrò mi, o ò ṣàṣìṣe. Ife kan ò yẹ kó dọ́wọ́ wọn.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti Goma. Oṣù keje 1994, láàárín ọjọ́ mélòó kan, èèyàn tó sún mọ́ mílíọ̀nù kan sá kúrò ní Rwanda wọ ìlú Goma ní Zaire ìgbà náà, Congo òde òní. Àwọn wo ló wà láàárín wọn? Àwọn olórí, sójà, àtàwọn jàǹdùkú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa nǹkan bí 800,000 èèyàn ní bí ọgọ́rùn-ún ọjọ́. Àwọn yẹn náà ló wá di alákòóso kámpù. Àwọn ló ń kọ orúkọ ẹni tó máa jẹun, wọ́n ń fi orúkọ tí kò sí kún un, wọ́n ń ta àṣẹ́kù, wọ́n ń fowó ẹ̀ múra ogun, ẹni tó bá ní òun ń padà sílé wọ́n á pa á. Àwa ló ń bọ́ wọn! MSF ti Faransé, ẹgbẹ́ àwọn dókítà tó ń lọ síbi tí ogun wà, wò ó, wò ó, ní November 1994 wọ́n kó ẹrù wọn jáde. Wọ́n ní àwọn ò lè máa fi ìtọ́jú gbé apààyàn ró. Àwọn tó kọ́ mi níṣẹ́ wà níbẹ̀, ẹkún ni wọ́n sun jáde, síbẹ̀ wọ́n jáde.

Dúrọ́ọ̀mù méjì lónìí. Tó bá dọ̀la, wọ́n á ní kí ọkọ̀ kan ya sọ́dọ̀ wọn.

Ẹ̀gbọ́n_Lójísítíìkì:
Dókítà, ẹ parí ìtàn náà. MSF ti Belgium àti ti Holland ò bá ti Faransé lọ lọ́jọ́ yẹn, wọ́n dúró di 1995. Orúkọ kan náà, aṣọ kan náà, wọn ò fẹnu kò. Sadako Ogata tó jẹ́ olórí UNHCR, àjọ UN tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn asásálà, nígbà yẹn náà dúró, torí àwọn obìnrin àtọmọdé ló pọ̀ jù nínú kámpù, wọn ò pa ẹnikẹ́ni. Ẹ má sọ ọ́ bíi pé gbogbo ẹni tó lẹ́rìí ọkàn ló jáde.

Olóòótọ́_Korò:
😂😂 gbogbo yín ẹ ń tan ara yín jẹ. Dọ́là lẹ̀ ń jẹ. Àwọn kan gbé kọ́lẹ́rà lọ bá àwọn ará Haiti ní 2010, sójà àlàáfíà UN ni, wọ́n da ìgbẹ́ wọn sódò, èèyàn tó tó 10,000 kú, ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi ń sọ pé àwọn kọ́ kó tó di pé Ban Ki-moon tó jẹ́ ọ̀gá UN nígbà náà bẹ̀bẹ̀ ní December 2016. Ẹ wá jókòó síbí ẹ ń jà lórí dúrọ́ọ̀mù méjì. Kí àbúrò yìí padà sílé kó lọ wáṣẹ́ gidi.

Nọ́ọ̀sì_Àgbà:
Olóòótọ́, ohun tó o sọ nípa Haiti, òótọ́ ni, kò sí ẹni tó máa bá ẹ jiyàn ẹ̀ níbí. Ṣùgbọ́n tí gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ ń dùn bá padà sílé, àwọn tí ọ̀rọ̀ ò dùn ló máa kù síbẹ̀. Ó tó bẹ́ẹ̀.

Omi_Ò_Lọ́tàá, ọmọ mi, ìbéèrè kan péré ni mo ní fún ẹ. Lálẹ́ ọjọ́ tó o ní kí wọ́n má já omi mọ́, kí lo lọ fi sétí odò?

Mo mọ èsì ẹ̀. Kò sí nǹkan kan. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà lójú tèmi. Àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ ń jiyàn bóyá rárá dáa tàbí kò dáa, èmi ń bi ẹ́ pé ta ló máa sanwó rárá yẹn? Ìwọ lo sọ ọ́, ọmọ ọlọ́mọ ló san án. O mọ̀ pé oníbọn ni wọ́n, o mọ̀ pé ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà, o sì mọ̀ pé odò wà nítòsí. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí màá ṣe, torí mo ti ṣe é rí níbi tí wọ́n ti dí ọ̀nà mọ́ wa. Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí n sọ pé rárá, màá ti kún gbogbo táǹkì dẹ́nu. Màá mú obìnrin mẹ́fà tàbí mẹ́jọ nínú kámpù, àwọn tí ọwọ́ wọn balẹ̀, màá kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń po kúlórínì sílẹ̀ sí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, màá yẹ omi odò yẹn wò kí n mọ iye tó máa gbà, torí omi tó dọ̀tí ń jẹ kúlórínì ju èyí tó mọ́ lọ. Wọ́n á dúró sétí odò pẹ̀lú síríǹjì, kẹ́ẹ̀gì tó bá ti kún, wọ́n á fa oògùn sí i, wọ́n á sọ fún ẹni tó gbé e pé kó má mu ún títí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú á fi pé. Kò dáa tó omi ọkọ̀. Tómi bá rú jù, ẹ máa kọ́kọ́ jẹ́ kó tòrò. Ṣùgbọ́n ó máa gba ẹ̀mí là fún ọjọ́ mẹ́rin, márùn-ún. Màá kó ORS, iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń pò mómi fún ẹni tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru, sílẹ̀ ní ilé ìtọ́jú. Lẹ́yìn náà ni màá wá lọ sọ rárá mi, màá sì sọ ọ́ pẹ̀lú ojú tó le, torí mi ò ní máa gbọ́ ẹkún ọmọ lẹ́yìn mi.

Ẹ̀yin méjèèjì mẹ́nu ba Goma. Ohun tí mo mọ̀ nípa Goma ni pé nǹkan bí 50,000 ló kú láàárín oṣù àkọ́kọ́, onígbáméjì àti ìgbẹ́ ọ̀rìn ló pa èyí tó pọ̀ jù, lórí òkúta líle tí wọn ò lè gbẹ́ ṣáláńgá sí tàbí gbẹ́ sàárè, tí omi ò sì tó. Àwọn yẹn ti kú kí ẹnikẹ́ni tó ráyè jiyàn bóyá ó yẹ ká dúró tàbí ká lọ.

Dókítà_Arìnrìnàjò:
Màmá, mo gbọ́ o. Mi ò lè jiyàn ti kúlórínì. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká sọ ọ́ bíi pé rárá ò ń so èso. Ní October 2016, iléeṣẹ́ oògùn Pfizer ní àwọn máa fún MSF ní mílíọ̀nù kan abẹ́rẹ́ àjẹsára òtútù àyà lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀fẹ́! MSF ní àwọn ò gbà. Gbogbo ayé ní wọ́n ya wèrè. Wọ́n ní ẹ̀bùn ò jọ owó tó wálẹ̀: ẹni tó fúnni lónìí lè dáwọ́ dúró lọ́la, àwọn orílẹ̀-èdè tí agbára wọn ò gbé e ò sì rí nǹkan kan nínú ẹ̀. November ọdún yẹn Pfizer já owó ẹ̀ wálẹ̀ fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ìrànwọ́ pàjáwìrì. Oṣù kan ni o.

Nọ́ọ̀sì_Àgbà:
Oṣù kan lẹ rí. Wọ́n ti ń pariwo owó yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó di pé wọ́n kọ̀, GSK, iléeṣẹ́ oògùn kejì, ti já tiẹ̀ wálẹ̀ ní September, níbi tó sì ti di kàn-ń-pá, bíi ti àwọn ọmọ asásálà ní Greece, wọ́n ń fowó ara wọn rà á lówó ọ̀wọ́n kí ọmọ má bàa dúró de ìjà àgbà. Ohun tí mò ń wí kọ́ nìyẹn?

Onílàjà:
Mo ti ń kà láti àárọ̀, iṣẹ́ mi ni kí n máa bá àwọn oníbọn jókòó dúnàádúrà, ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un.

Dókítà, ìlànà "kí ife kan má dọ́wọ́ wọn" yẹn, wọ́n ti gbìyànjú ẹ̀ dé góńgó rí. Somalia, 2011. Òfin Amẹ́ríkà lòdì sí al-Shabaab, ẹgbẹ́ oníbọn tó wà níbẹ̀, mú kí ẹ̀rù máa ba àwọn iléeṣẹ́ ìrànwọ́ pé tí àpò kan bá dọ́wọ́ wọn, ẹjọ́ ni. Al-Shabaab fúnra wọn sì ti lé ọ̀pọ̀ wọn jáde. Owó gbẹ. July 20 ni UN tó kéde pé ìyàn ti mú. Nígbà tí wọ́n ṣírò ẹ̀ lẹ́yìn náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 260,000 èèyàn tó kú, ó lé ní ìdajì wọn tí kò tíì pé ọmọ ọdún márùn-ún. Mi ò sọ pé òfin yẹn nìkan ló pa wọ́n o, òjò tí ò rọ̀ wà ńbẹ̀, ogun wà ńbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ wa mọ́, kò sẹ́ni tó lè sọ pé a fún oníbọn ní àpò kan.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà: "gbogbo ogun ló rí bẹ́ẹ̀" ti di orin. Ẹni tó bá ń kọ ọ́ jù kì í rántí ibi tó yẹ kó dúró mọ́. Wọ́n ní ká jẹ èkuru kó tán, a tún ń gbọn ọwọ́ ẹ̀ sáwo.

Ohun tí mo fẹ́ bi ẹni tó ni ọ̀rọ̀ ni pé, kí ni wọ́n ń fi omi yẹn ṣe? Ìyàtọ̀ wà níbẹ̀. Ogun Solferino ní Italy, 1859, tí Henry Dunant rí àwọn tó fara gbọgbẹ́ lórí pápá, òun àtàwọn obìnrin ìlú Castiglione nítòsí ibẹ̀ tọ́jú wọn láìbéèrè ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n wà, ibẹ̀ ni Red Cross ti ṣẹ̀ ní 1863. Sójà tó dùbúlẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ sí omi. Sójà tó dúró pẹ̀lú ìbọn tó ń dá ọkọ̀ dúró, kò ní ẹ̀tọ́ sí omi aláìsàn. Ṣùgbọ́n ṣé àwọn nìkan ló wà níbẹ̀? Ṣé kò sí ará ìlú tó ń gbé lẹ́bàá ṣẹ́kìpọ́ìntì yẹn?

(Dunant náà, ẹ jẹ́ kí n sọ fún Olóòótọ́ tó ní dọ́là là ń jẹ, gbèsè ló jẹ títí okòwò ẹ̀ fi dojú dé ní 1867, òṣì ta á fún bí ọgbọ̀n ọdún kó tó di pé wọ́n fún un ní Nobel ní 1901.)

Ọmọ_Kámpù:
Ẹ má bínú o mi ò kì í kọ̀wé síbí kíkà ni mo máa ń kà ṣùgbọ́n èyí ká mi lára. Inú kámpù ni mo dàgbà sí láti ọmọ ọdún mẹ́fà títí mo fi di mẹ́tàdínlógún, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń sọ̀rọ̀ yìí ẹ jọ àwọn tó máa ń wá pẹ̀lú ìwé àti káàdì lọ́rùn, wọ́n á jókòó sábẹ́ àtíbàbà wọ́n á máa jiyàn lédè wọn lórí ohun tó dáa fún wa, àwa á sì dúró lóòrùn pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì. Ẹ ní àbúrò yìí nìkan ni ò mọ̀ nípa dúrọ́ọ̀mù. Gbogbo kámpù ló mọ̀!! A máa ń mọ̀. A mọ orúkọ ọmọ tó wà ní ṣẹ́kìpọ́ìntì, a mọ ìyá ẹ̀, a mọ èyí tó lè gbọ́ ọ̀rọ̀ àtèyí tí ò lè gbọ́. Nígbà tèmi, ìyá kan ló wà tó jẹ́ pé òun ló ń lọ bá wọn tí wọ́n bá dí ọ̀nà, òun àti ọmọbìnrin ẹ̀, wọ́n á lọ jókòó sílẹ̀ níbẹ̀ wọn ò ní sọ̀rọ̀, ojú á ti àwọn ọmọ yẹn torí ọmọ ìyá ẹ̀ ni ọ̀kan nínú wọn. Kò sí iléeṣẹ́ kankan tó kọ orúkọ ìyá yẹn sínú ìwé rí. Àwọn iléeṣẹ́ yẹn ló gba àmì ẹ̀yẹ pé àwọn ṣí ọ̀nà.

Ní 2016 àwọn olówó jókòó ní Istanbul wọ́n ní tó bá fi máa di 2020 ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún owó ìrànwọ́ á máa lọ sọ́wọ́ àwọn ará ìlú fúnra wọn. 2020 ti kọjá tipẹ́ ẹ wo iye tó dé. Ẹ ní ẹ ń wá bí ẹ ó ṣe mú ìlànà àti ayé pọ̀, ẹ ò tíì bi ẹni tó ń gbénú ẹ̀.

Àbúrò, mi ò bínú sí ẹ, o tiẹ̀ yàtọ̀ torí o béèrè. Ṣùgbọ́n ṣé o béèrè lọ́wọ́ wọn kó o tó sọ pé rárá? Tàbí àwa lo kọ́kọ́ bi?

Omi_Ò_Lọ́tàá:
Mo ka gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ_Kámpù, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára, ẹ ṣé. Mi ò béèrè. Kò tiẹ̀ wá sí mi lọ́kàn.

Màmá Nọ́ọ̀sì, ẹ gbà á bẹ́ẹ̀, kò sí nǹkan kan létí odò.

Onílàjà, ẹ béèrè bóyá èèyàn ń gbé níbẹ̀. Mo jókòó mo ronú sí i. Abúlé kan wà lẹ́yìn ṣẹ́kìpọ́ìntì yẹn, kò tó kìlómítà kan. Oṣù mẹ́jọ ni ọkọ̀ wa ti ń gba ẹnu ọ̀nà wọn kọjá láràárọ̀, wọ́n ń jẹ eruku ẹ̀, a ò fún wọn ní omi kankan rí torí pé wọn kì í ṣe ẹni tí ogun lé, wọn ò sí lórí lísìtì wa. Mo bi ọ̀kan nínú àwọn dírẹ́bà. Ó ní pọ́ǹpù abúlé náà ti bàjẹ́ ṣáájú kí n tó dé. Ó tún sọ fún mi pé méjì nínú àwọn tó wà ní ṣẹ́kìpọ́ìntì, ọmọ ibẹ̀ ni wọ́n. Ó wá sọ èyí tí ò sọ tẹ́lẹ̀, pé lọ́jọ́ kejì yẹn wọ́n gbá òun létí, wọ́n sì gba fóònù òun. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni ní ọ́fíìsì. Ó ní kí lòun fẹ́ sọ.

Ẹ̀gbọ́n_Lójísítíìkì:
Ẹ ò rí i? Dírẹ́bà. Ìgbà gbogbo. Tí ẹ bá wo àwọn òṣìṣẹ́ ìrànwọ́ tí wọ́n ń pa lágbàáyé, àwọn ọmọ ìlú tí wọ́n gbà síṣẹ́ ló pọ̀ jù, kì í ṣe àwa tí wọ́n ń fi ọkọ̀ òfúrufú gbé wá. Kọ ọ̀rọ̀ ìgbájú yẹn sílẹ̀ lónìí, fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá ẹ àti hẹdikọ́tà, ra fóònù mìíràn fún un. Ìyẹn ò nílò ìlànà kankan.

Ti abúlé, ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù, ṣùgbọ́n má já omi kámpù fún wọn, o ò tíì ní tó. Irú pọ́ǹpù wo ni? Tó bá jẹ́ India Mark II tó wà káàkiri yẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ rọ́bà inú ẹ̀ ló jẹ. Wọ́n á fa ọ̀pá jáde, wọ́n á pààrọ̀ rọ́bà, iṣẹ́ ọjọ́ kan ni tí ohun èlò bá ti wà nílẹ̀.

Dókítà_Arìnrìnàjò:
Ẹ dákun, mo fẹ́ kí ẹnì kan dá mi lóhùn. Tí pọ́ǹpù bá ń ṣiṣẹ́, àwọn oníbọn ò ní mu nínú ẹ̀ ni? Ṣé kì í ṣe dúrọ́ọ̀mù yẹn náà la kùn lọ́dà yìí?

Onílàjà:
Wọ́n á mu. Kò sẹ́ni tó lè dúró ṣọ́ pọ́ǹpù. Ṣùgbọ́n iye ará abúlé la máa fi ṣírò ẹ̀, kì í ṣe iye ìbọn. A máa kọ ọ́ sínú rípọ́ọ̀tì, ọ̀gá á fọwọ́ sí i. Tí wọ́n bá tún dí ọ̀nà, pọ́ǹpù á ṣì máa ṣiṣẹ́, torí kì í ṣe owó ibodè. Tó o bá sọ pé "ẹ ṣí ọ̀nà ká tún pọ́ǹpù ṣe", ó ti bàjẹ́ nìyẹn, o ti tà á.

Dókítà_Arìnrìnàjò:
Mo gbà pé ó yàtọ̀. Mi ò gbà pé ó ti tán.

Ọmọ_Kámpù:
Kó tó di pọ́ǹpù ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ wọn o. Má gbé ọkọ̀ lọ. Má wọ aṣọ tí wọ́n kọ orúkọ iléeṣẹ́ sí lẹ́yìn. Mú àgbà obìnrin kan dání láti inú kámpù.

Omi_Ò_Lọ́tàá:
Ọjọ́ mọ́kànlá rèé, mo ní kí n padà wá jábọ̀.

A lọ sí abúlé náà, èmi, ìyá àgbà kan láti kámpù àti ọmọ ẹ̀. Wọ́n jẹ́ ká dúró lóòrùn fún ìgbà pípẹ́ kí wọ́n tó ní ká jókòó. Mo rò pé wọ́n á ní ká gbé táǹkì wá, mo ti múra bí màá ṣe sọ pé kò sí. Wọn ò mẹ́nu ba táǹkì. Ohun tí àwọn obìnrin ibẹ̀ kọ́kọ́ sọ ni pé ọkọ̀ wa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọmọ wọn méjì rí torí eré tí dírẹ́bà máa ń sá tó bá ti kúrò ní ṣẹ́kìpọ́ìntì, pé ṣé a lè rọra. Oṣù mẹ́jọ! Mo ti sọ fún àwọn dírẹ́bà. Nípa pọ́ǹpù, wọ́n ní àwọn fẹ́ kí wọ́n tún un ṣe, àmọ́ àwọn ò fẹ́ kí wọ́n gbẹ́ mìíràn sẹ́bàá ọ̀nà, torí àwọn ọmọbìnrin ò ní lè pọn omi níbẹ̀ láìjẹ́ pé àwọn ọmọkùnrin yẹn ń yọ wọ́n lẹ́nu. Rọ́bà ni lóòótọ́, ẹ̀gbọ́n. A ti béèrè fún un, kò tíì dé.

Ọ̀gá mi kọ́kọ́ bínú nítorí ìwé tí mo kọ sí hẹdikọ́tà lórí ti dírẹ́bà. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta ó fúnra ẹ̀ wọ ọkọ̀ lọ sí ṣẹ́kìpọ́ìntì. Ó sọ fún olórí wọn pé láti òní lọ, òun ni kí wọ́n máa bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe dírẹ́bà, àti pé gbogbo lítà tí wọ́n bá gbà, òun máa kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti orúkọ ẹgbẹ́ wọn. Ọkùnrin yẹn ní kó kọ ọ́, kó kọ ọ́ dáadáa. Wọ́n ṣì ń gba dúrọ́ọ̀mù kan. Kì í ṣe méjì mọ́, ọ̀kan. Ó wà nínú rípọ́ọ̀tì oṣù yìí, hẹdikọ́tà ò tíì fèsì. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n á ní ká dá a dúró. Tí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀, màá béèrè fún ọ̀sẹ̀ kan.

Nọ́ọ̀sì_Àgbà:
Etí odò ńkọ́?

Omi_Ò_Lọ́tàá:
Obìnrin méje ti mọ̀ ọ́n ṣe, màmá. Lánàá la fi kẹ́ẹ̀gì ogún dán an wò, méjì péré ni kúlórínì ò tó nínú ẹ̀, omi méjèèjì rú. Síríǹjì wà, ORS wà. Kúlórínì tó wà nílẹ̀ máa tó ọjọ́ mẹ́ta, mo ti ní kí wọ́n kó ti ọjọ́ mẹ́ta mìíràn wá.